Ọ̀ṣunbùnmi Ni Ìyá Wọn Sọ Wọ́n

Ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé Bàbá wa àgbà sílẹ̀, kí wọ́n lè kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìn ìrántí wọn. Mo jókòó ti ìwé náà fún ọjọ́ mẹ́ta, n kò kọ ju ìlà méjì lọ. N kò mọ ọdún tí wọ́n bí Bàbá. Ìlú tí wọ́n bí wọn sí kò sí mọ́. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tí wọ́n fi ń dán ìlẹ̀kẹ̀, ohun tí mo mọ̀ nípa wọn kò tò tẹ̀ léra. Bí ó bá ṣe wá sí mi lọ́kàn ni n ó ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ọdún àti oṣù, kó fi orí jì mí.

Àárọ̀ wọn ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Kí Bàbá tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn láàárọ̀, wọ́n á jókòó sétí ẹní, wọ́n á pe orúkọ ara wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta: Ọ̀ṣunbùnmi, Ọ̀ṣunbùnmi, Ọ̀ṣunbùnmi. Wọn kì í pariwo. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń pè é, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó gbàdúrà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí gbogbo àgbàlagbà ṣe ń jí nìyẹn. Ìgbà tí mo dé ilé ọkọ ni mo mọ̀ pé Bàbá tiwa nìkan ló ń ṣe é. Nígbà tí mo padà wálé wá bí àkọ́bí mi, mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tí olè bá ti jà rí, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ló ń yẹ ẹrù rẹ̀ wò."

Bàbá kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje lọ nígbà tí ogun kó ìlú wọn, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ìyá wọn lọ pọn omi lọ́wọ́ àárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá wà nílé. Bí àwọn méjèèjì ṣe pínyà nìyẹn. Wọ́n mú Bàbá wá sí Ìlọrin, ọkùnrin kan tó ń ṣe lántànà, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí wọ́n ń gbẹ́ láti ara òkúta, ló rà wọ́n. Ilé náà kì í ṣe ilé ìkà. Bàbá fúnra wọn sọ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà pé inú àwo kan náà ni àwọn àti àwọn ọmọ onílé ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun náà sunkún títí di ọjọ́ kẹta. Baálé wá ní kí wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn, kó lè gbàgbé ibi tó ti ń bọ̀. Sàlámì ni wọ́n sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, Sàlámì ló ń da omi sí òkúta, Sàlámì ló ń dán ìlẹ̀kẹ̀ láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, títí orí àtàǹpàkò rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ nìkan, lábẹ́ aṣọ, kí ará ilé tó jí, ló ń jẹ́ Ọ̀ṣunbùnmi.

Mo sọ fún Bàbá nígbà kan pé orúkọ tó dára ni Sàlámì. Wọ́n gbà pé ó dára, pé àlàáfíà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n wá ní, "Àmọ́ Sàlámì kò ní ìyá. Èmi ní ìyá."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè wọ́n ní Sàlámì lójú wọn tí wọn kò bínú. Alfa Ìsíákà ni, ọmọ baálé náà, tí wọ́n jọ dàgbà. Nígbà tí Bàbá ti kó lọ sí Sábó-Òkè, níbi tí àwa onígbàgbọ́ ń gbé lọ́nà ibùdókọ̀ rélùwéè, Alfa Ìsíákà kò jẹ́ kí Jímọ̀ kan kọjá. Bí wọ́n bá ti kírun tán, wọ́n á gba Ọjà-Ọba, wọ́n á ra wàrà sínú ewé, wọ́n á wá jókòó ti Bàbá lábẹ́ igi ọ̀dán ilé wa. Wọ́n á jẹ wàrà tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Alfa á ní ó dun òun pé arákùnrin òun ṣìnà. Bàbá náà á ní bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló ṣe dun àwọn. Ohùn wọn á ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá lọ á dúró wò wọ́n. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí Ọjọ́ Alùkìyámọ̀, bí Alfa ṣe ń pe ọjọ́ àjíǹde, ohùn àwọn méjèèjì á rọlẹ̀, wọ́n á máa fi orí dá ara wọn lóhùn bí ọmọ ìyá méjì tó ń rántí ilé. Èyí yà mí lẹ́nu, mo sì sọ ọ́ fún Bàbá nígbà tí Alfa lọ tán. Bàbá ní, "Èmi àti Ìsíákà kò jà lórí bóyá ilẹ̀ á mọ́. Ibi tí oníkálukú á jókòó sí láàárọ̀ là ń jà sí."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń kọ ìtàn ẹni mímọ́. Bàbá kò rọrùn láti bá gbé. Bàbá mi, tí í ṣe àkọ́bí wọn, gba iṣẹ́ ní rélùwéè. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀ṣunbùnmi ti gùn jù, bàbá mi sì ní kó kọ Sàlámì, nítorí òun ni ará ìlú mọ̀ wọ́n sí. Nígbà tí Bàbá àgbà gbọ́, wọ́n bọ́ síta, wọ́n jókòó, wọn kò sì bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ mọ́ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà. Inú yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì á wà, Bàbá á ní kí n sọ fún bàbá mi pé kó sún àtùpà sọ́hùn-ún. Ìyá mi bẹ̀bẹ̀ títí, ó sú wọn. Ìyá àgbà, aya Bàbá, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló wá parí ìjà náà. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú ọkọ wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé òkú á dìde, ọmọ yín tó wà láàyè ni ẹ ò lè bá sọ̀rọ̀." Ni Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pe bàbá mi wọlé kí wọ́n jọ jẹ ẹ́.

Wọ́n tún máa ń sunkún. Kò sí ìsìnkú kan nínú ìjọ wa tí Bàbá kò ti sunkún sókè, kódà bí òkú náà kì í bá ṣe ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa. Tíṣà, ìyẹn ọkùnrin ará Ìjẹ̀bú tó ń darí ìjọ wa tó sì ń kọ́ wa ní ìwé, pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà kan, ó ní kò yẹ kí onígbàgbọ́ máa sunkún bí ẹni tí kò ní ìrètí. Bàbá bi í bóyá ó ti dúró ní ibùdókọ̀ rélùwéè rí nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra. Tíṣà ní òun ti dúró níbẹ̀. Bàbá ní, "Ẹni tó ń lọ sí Èkó lásán, tí a mọ oṣù tí yóò padà, ṣé a kì í sunkún rẹ̀ ni?"

Bí Bàbá ṣe di onígbàgbọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń bi wá jù. Nígbà tí òyìnbó ti gba ìlú, tí ajẹ́lẹ̀ wọn sì ti jókòó, ọ̀rọ̀ tàn káàkiri pé ẹni tí wọ́n bá kó lẹ́rú tó bá fẹ́ padà sílé rẹ̀ lè padà. Bàbá ti níyàwó nígbà náà, wọ́n ti bímọ, wọ́n sì ti ní òkúta ìlẹ̀kẹ̀ tiwọn. Síbẹ̀ wọ́n di ẹrù, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilẹ̀ Ìgbómìnà. Igbó ni wọ́n bá níbi tí ìlú wọn wà. Nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n dá mọ̀ ni odò tí ìyá wọn ti ń pọn omi, wọ́n sì ní ó kéré ju bí àwọn ṣe rántí rẹ̀ lọ.

Ní ìlú tó wà nítòsí, wọ́n rí arúgbó obìnrin kan tó mọ ìyá wọn. Ó ní odò tí ìyá náà lọ lọ́jọ́ ogun ló gbà á là, nítorí inú igbó ló sá gbà láti ibẹ̀. Nígbà tí ogun lọ tán, ó padà wá. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, á lọ dúró sí oríta tí wọ́n gbà kó àwọn ènìyàn lọ, á máa pe Ọ̀ṣunbùnmi. Àwọn ará ìlú arúgbó náà tẹ́wọ́ gbà á, wọ́n fún un ní ilé, ṣùgbọ́n kò ṣíwọ́ lílọ sí oríta náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Lọ́jọ́ kan wọn kò gbọ́ ọ mọ́. Àwọn tó sin ín náà ti kú, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú sàréè rẹ̀ han Bàbá. Arúgbó náà wá sọ ọ̀rọ̀ kan fún Bàbá: "Ohùn rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú."

Bàbá sùn síbẹ̀ ní òru kan ṣoṣo, wọ́n padà sí Ìlọrin. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀lú, wọ́n rí àwọn ènìyàn díẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, Tíṣà sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà. Ó ń sọ pé Jésù kú, pé ó jí dìde, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò pe gbogbo àwọn tó sùn sínú ilẹ̀, tí wọn yóò sì dá a lóhùn. Bàbá kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ lórí. Wọ́n dúró, wọ́n sì béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Orúkọ ni yóò fi pè wọ́n, àbí yóò kàn kígbe?" Tíṣà ní orúkọ ni, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n jókòó. Láti ọjọ́ náà, wọn kò pa Ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ.

Orúkọ kan náà ló wá dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí àkókò ìrìbọmi wọn tó, Tíṣà ní orúkọ òrìṣà wà nínú orúkọ wọn, kò sì lè bá wọn wọnú omi. Ó ní kí wọ́n jẹ́ Jósẹ́fù. Wọ́n kọ̀. Ó ní kò burú, kí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò, kí wọ́n fi Olú sí i, kí wọ́n jẹ́ Olúbùnmi, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣe. Wọ́n tún kọ̀. Wọ́n ní wọ́n ti pa orúkọ àwọn dà lẹ́ẹ̀kan láìbi àwọn léèrè, àwọn kò ní fi ẹnu ara àwọn gba ẹlẹ́ẹ̀kejì. Tíṣà bi wọ́n bóyá Ọ̀ṣun ni wọ́n ṣì ń sìn. Bàbá ní rárá. Wọ́n ní, "Ìyá mi ṣi ẹni tó fún un lọ́mọ mọ̀. Kò ṣi ọmọ mọ̀."

Èyí tó le jù ni ohun tí Tíṣà sọ tẹ̀ lé e. Ó ní ìyá tí kò gbọ́ ìhìn rere kí ó tó kú, òun kò lè ṣèlérí fún Bàbá pé wọ́n á rí i. Ọ̀dọ́mọdé ni, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń sọ. Bàbá dìde, wọ́n sì lọ sílé. Ìyá àgbà rò pé ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá tún wà ní ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi jókòó pẹ̀lú àwọn tí wọn kò tíì rì bọmi, lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ìyá àgbà ṣe ìrìbọmi ṣáájú wọn. Àwọn ọmọ wọn ṣe é. Èmi ọmọ-ọmọ náà ṣe é, Bàbá gbé mi dé ibi omi, wọ́n sì padà sí ìjókòó ẹ̀yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń dúró dè, wọ́n á ní, "Mo ti dúró ju báyìí lọ rí."

Kò sí ẹni tó mọ bí Tíṣà ṣe yí ọkàn padà. Bàbá kò sọ ọ́ fún wa rí. Ní ọjọ́ kejì tí a sin Bàbá ni Tíṣà, tí irun rẹ̀ ti funfun báyìí, wá sílé wa, ó jókòó láàárín wa, ó sì tú u sílẹ̀.

Ó ní ìyàwó òun bí àkọ́bí wọn, ọkùnrin, ọmọ náà sì kú ní ọjọ́ karùn-ún. Àwọn kò ní ẹbí kankan ní Ìlọrin. Àwọn aládùúgbò wá, wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́, wọ́n sì lọ, nítorí a kì í jókòó ṣọ̀fọ̀ ọmọ tí kò tíì gba orúkọ. Bàbá wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú ọkọ́. Wọn kò sọ̀rọ̀ omi, wọn kò sọ̀rọ̀ agbè. Wọ́n lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà dáadáa, wọ́n tẹ́ ẹ, bí ẹni ń gbẹ́ ti àgbàlagbà. Nígbà tí Tíṣà gbé ọmọ náà dé, Bàbá bi í léèrè orúkọ ọmọ náà.

Tíṣà ní, "Bàbá, ọjọ́ karùn-ún ni. A kò tíì sọ ọ́ lórúkọ."

"Ṣé o ti ní i lọ́kàn?"

Ó ní òun ti ní i lọ́kàn. Bàbá ní kó pè é. Tíṣà ní gbogbo ohun tí òun ti fi kọ́ àwọn ènìyàn ló ń padà wá bá òun níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, a kò tíì rì í bọmi."

Bàbá dáhùn pé, "Wọn kò tíì ri èmi náà bọmi. Pè é, kí ó lè mọ èyí tí yóò jẹ́."

Tíṣà pe ọmọ rẹ̀. Ó sọ orúkọ náà fún wa ní ìjókòó ọjọ́ náà, ó sì bẹ̀ wá pé kí a má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, nítorí náà n kò ní kọ ọ́ síbí. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni òun pè é, Bàbá sì ń dá a lóhùn Àmín ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni Bàbá bo ilẹ̀, wọ́n sì sunkún sókè, òun náà sì wá rí ẹni bá òun sunkún. Tíṣà wá wo gbogbo wa, ó ní, "Ohun tí mo ń wàásù rẹ̀, Bàbá ni wọ́n gbà á gbọ́."

Èmi rántí ọjọ́ ìrìbọmi Bàbá, bí mo tilẹ̀ kéré. Pásítọ̀ tó máa ń wá láti Ọ̀yọ́ ló ṣe é. Ó wo ìwé tí Tíṣà kọ orúkọ sí, ó bi í bóyá orúkọ tí ó kọ síbẹ̀ yìí kò ṣì. Tíṣà ní kò ṣì, òun ni orúkọ rẹ̀. Bí pásítọ̀ ṣe pe Ọ̀ṣunbùnmi sókè, a gbọ́ ohùn kan láti ẹnu ọ̀nà tó ní "Alihamudu lilai." Alfa Ìsíákà ni. Wọn kò wọlé, wọ́n kàn dúró sí ìta pẹ̀lú bàtà wọn lọ́wọ́. Nígbà tí a jáde, Bàbá bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ orúkọ náà. Alfa ní àwọn gbọ́ ọ ketekete. Wọ́n ní, "Ó yá, Sàlámì, jẹ́ ká lọ jẹun."

Nínú ọ̀sẹ̀ tí Bàbá lò kẹ́yìn láyé, mo wá láti ilé ọkọ mi láti tọ́jú wọn. Àyà ló ń dùn wọ́n, wọn kò lè dá orí gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń fi aṣọ tútù nu ojú wọn, wọ́n ní ohun kan wà tí àwọn kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún Tíṣà. Wọ́n ní àwọn kò rántí ojú ìyá àwọn. Ó ti pẹ́ tí ó ti parẹ́ lójú wọn, ó lé ní àádọ́ta ọdún. Obìnrin náà kò sì tó mi lọ́jọ́ orí nígbà tí wọ́n pínyà. Tó bá jí dìde, ọmọ kékeré ni yóò máa wá kiri. Wọ́n na ọwọ́ wọn tó ti hun jọ síwájú mi, wọ́n ní kí n wò ó, kí n wo ẹnu àwọn tí kò léyín mọ́.

Mo ní Jésù á fi í hàn wọ́n. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pa ojú dé. Mo rò pé oorun ti gbé wọn lọ. Mo ti gbé abọ́ omi, mo ti ń dìde, nígbà tí wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. Ojú wọn ti yí padà, bí ojú ẹni tó ti rí ọ̀nà àbáyọ ọ̀rọ̀ kan.

Wọ́n ní, "Wọ́n ní ayé ibẹ̀ kò lópin, Àṣàkẹ́. Kí ni mò ń kánjú fún? Gbogbo obìnrin tí mo bá pàdé ni n ó máa dọ̀bálẹ̀ kí, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí n ó fi kan ìyá mi."